Ìfúnpọ̀ kọ́ ló ń mú ẹ̀rọ kékeré falẹ̀

Bí ẹ bá wà láàárín àwọn tó ń fi Linux sínú ráútà, kámẹ́rà àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó ti gbọ́ ọ: “Má fún fáìlì pọ̀ o! CPU yẹn kò lágbára, títú ni yóò máa tú, ẹ̀rọ á falẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà wọni létí, torí iṣẹ́ ni títú lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ ka àkókò tí CPU fi ń tú fáìlì, kò ka èyí tí CPU fi ń dúró de flash, ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú fáìlì sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní flash ń gbé 10 MB jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 40 MB sì ni ẹ̀rọ ní láti kà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 4 nìyẹn. Bí a bá fún un pọ̀ dé ìdajì, 20 MB péré ni flash máa gbé jáde, ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí CPU bá ń tú 100 MB jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, títú gbogbo rẹ̀ kò gbà ju 0.4 lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.4. Èyí tí wọ́n ní yóò falẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Ohun tí a bá sì ti tú, inú RAM ló ń wà ní títú. Bí ètò míì bá tún béèrè fún un, a kì í tún un tú, àfi bí RAM bá há débi pé kernel, ọkàn Linux, ní láti kó o dànù.

Níbo wá ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá? Mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn tó yan XZ, ọ̀kan lára ọ̀nà ìfúnpọ̀, láìwo ẹ̀rọ wọn ni. XZ máa ń fún nǹkan pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n títú rẹ̀ le. LZ4 kì í fún un tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kíá ló ń tú. Zstd, tí SquashFS (ètò fáìlì tó máa ń fún nǹkan pọ̀) ti ń lò láti Linux 4.14 lọ́dún 2017, wà láàárín méjèèjì, òun ni èmi sì máa ń kọ́kọ́ dán wò.

Ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù, ègé tí a ń fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tún wà ńbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ wò. 128 KiB ni SquashFS máa ń lò bí a kò bá sọ nǹkan kan, ó sì lè dé 1 MiB. Bí ètò kan bá fẹ́ 4 KiB péré, odindi búlọ́ọ̀kù náà la máa kà, tí a ó sì tú. Ẹni tó bá fi XZ àti 1 MiB sórí eMMC (irú flash kan) tó yára, tí CPU rẹ̀ kò sì lágbára, yóò rí ìfàsẹ́yìn lóòótọ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ìfúnpọ̀, ohun tó yàn ló fà á. Nítorí irú kíkà kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni EROFS, ètò fáìlì míì tó di ara kernel gidi ní Linux 5.4 lọ́dún 2019, ṣe lè fún nǹkan pọ̀ sínú àyè 4 KiB.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn tiyín, orí ẹ̀rọ náà gan-an ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe orí láptọ́ọ̀pù. Ẹ kọ 3 sínú /proc/sys/vm/drop_caches, kí kernel lè kó ohun tó ti tú sínú RAM dànù, kí ẹ tó ka fáìlì lẹ́ẹ̀kan sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, RAM lẹ ń wọ̀n.