Ìkànnì Ìròyìn Tí Òjò Rọ̀ Tán Kí Ó Tó Gbọ́

Owó oṣù mẹ́ta ni mo san pa pọ̀ kí wọ́n tó fa wáyà ìkànnì ìròyìn tuntun yìí wọ ilé mi ní Mọ́kọ́lá, nítorí wọ́n ní ìròyìn Ìbàdàn ni àwọn yóò máa gbé jáde tọ̀sán-tòru. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé, n kò tíì rí ọjọ́ kan tí àwòrán àti ohùn jọ dé pọ̀.

Mo mọ̀ pé ọmọ tuntun kì í dédé dìde rìn. Bí iná bá lọ tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò tan jẹnẹrétọ̀, mo lè fara dà á. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni n kò lè gbé mì. Òjò ti ń rọ̀ láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi obìnrin ṣì wà ní Dùgbẹ̀, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa kún tó gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ, kò ní béèrè ìdí tí àyà mi fi ń já.

Mo tan tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin kan ń ka ìròyìn, ẹnu rẹ̀ ń lọ, a kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ohùn yóò fi dé, àwòrán ti di ti ìgbéyàwó kan tí wọ́n ti fi hàn nígbà mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ náà (ọkùnrin tó ń náwó fún onílù níbẹ̀ ti di ojúlùmọ̀ ilé wa). Mo gbọ́ tí ó pe Ògùnpa ní “Ogunpa”, bí ẹni pé odò náà gbé ìbọn, ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀ bóyá ó kún tàbí kò kún, ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ti já lu ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin kan ni a rí níwájú kámẹ́rà tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, tí kò mọ̀ pé gbogbo wa ń wo òun.

Ní ìlú yìí kan náà ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959! Mo pe ọ́fíìsì wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn ní, “Bàbá, ẹ ní sùúrù, a ṣì ń dán an wò ni, sà.” Mo bi í léèrè bóyá owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi náà, wọ́n kàn ń dán an wò ni. Ó pa fóònù.

Ní aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí ọmọ mi ti wọlé, tó ti bọ́ aṣọ tútù, tó sì ti sùn, ni àkọlé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí lọ nísàlẹ̀ àwòrán: ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ ní Ìbàdàn lónìí.