Ọ̀túnla Tí Òyìnbó Sọ Nù

Ẹ má jù Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ gbé ti Nàìjíríà wá nù o. Ojú mi rí nǹkan.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Manchester. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá wa obìnrin gbé bírò lé ìwé iṣẹ́, ó ní ọjọ́ wo ni mo lè fi iṣẹ́ òru kan kún tèmi. Mo ní, “Next tomorrow.” Bírò dúró. “Next what?” Mo tún un wí. Ẹ̀rín pa á. Ó pe ẹnìkejì kó wá gbọ́, ìyẹn náà pe ẹni tó wà ní ilé ìdáná, tòun ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Bí mo ṣe di sinimá nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣàlàyé: òní Ìṣẹ́gun, ọ̀la Ọjọ́rú, èyí tó tẹ̀ lé e, Ọjọ́bọ̀. Ó ní, “Oh! The day after tomorrow.” Ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún ọjọ́ kan ṣoṣo! Ìyá mi tí kò kàwé kọjá pírámárì mẹ́ta á ní “ọ̀túnla”, ọ̀rọ̀ á sì ti bùṣe.

Inú ń bí mi bọ̀ títí di òru tí mo wá ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Gbogbo ilé ti sùn, mo fa fóònù yọ, mo ń tú u. Àṣé wọ́n ní i tẹ́lẹ̀! “Overmorrow” ni wọ́n ń pè é. Ó wà nínú Bíbélì tí Miles Coverdale gbé jáde ní 1535. Wọ́n ní i lọ́wọ́, wọ́n sọ ọ́ nù, ìhòòhò wá ń fi alákìísà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oṣù Kìíní 2020 ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tiwa bíi 29 wọlé: “danfo”, “okada”, “buka”, àti “next tomorrow” mi! “Tokunbo” náà wọlé, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọjà àlòkù. (Ẹ̀gbọ́n mi tó ń jẹ́ Tókunbọ̀ kò tíì dárí jì mí pé mo sọ fún un.)

Mo tẹ ọ̀rọ̀ Oxford yẹn sórí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìwé iṣẹ́. Ọ̀gá kà á, ó ní, “That's nice.”

Nice kẹ̀? Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé dé, ní nǹkan bí ọdún 1300, òmùgọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí aláìmọ̀kan ló ti ṣẹ̀ wá. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá yọ mí lẹ́nu níbi iṣẹ́, “You are very nice” ni mo máa ń sọ fún un. Á sì dúpẹ́. “Silly” ní tiẹ̀, ẹni ìbùkún ni láyé ọjọ́un, kó tó di ẹni àánú, kó tó wá di dìndìnrìn. Bí ọ̀gá bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ tó ní “Silly me!”, “Àmín” ni mo máa ń ṣe.

Èyí tó ká mi lára jù ni “sorry”. Màmá ẹni ọdún 91 kan ló ni yàrá ìpẹ̀kun. Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, “Sorry o, Mummy.” Ó tẹjú mọ́ mi: ṣé ìwọ lo tì mí ni? Mo ní rárá. Kí ló wá dé tí ò ń tọrọ àforíjì? Ẹ gbà mí, báwo lèèyàn ṣe ń ṣàlàyé “pẹ̀lẹ́” fún Òyìnbó? Mo sọ fún un pé gbòǹgbò kan náà ni “sorry” àti “sore” ti hù, pé kí nǹkan máa dun èèyàn ló túmọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ká jẹ̀bi. Ó ní hùn-ún, ó yí ojú sí tẹlifíṣọ̀n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń tẹ́ ibùsùn rẹ̀, irin ẹsẹ̀ ibùsùn gbá mi lójúgun. Gbàà! Mo jókòó sílẹ̀, mo di ẹsẹ̀ mú. Màmá gbójú sókè. “Sorry ooo,” ló wí, ó fà á gùn bí ará Ìbàdàn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá tẹnu bọ̀ ọ́ pé kì í ṣe òun ló ṣe é ṣá.