Ẹ Fi Kẹ́ẹ̀gì Kan Kún Un

(Òru ni. Bọ́ọ̀sì kan kú sẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí iná nítòsí, nítorí náà ojú ọ̀run mọ́ kedere. DẸ́RẸ́BÀ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń kí olókùnrùn. KỌ̀NDỌ́ di kẹ́ẹ̀gì òfìfo mú. ÀǸTÍ, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì, jókòó sórí òkúta. MÀMÁ ń tòògbé níjòókòó ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò tòògbé.)

KỌ̀NDỌ́: Ọ̀gá, mo sọ fún yín pé gẹ́ẹ̀jì ti wálẹ̀. Ẹ ní irọ́ ló ń pa.

DẸ́RẸ́BÀ: Ọdún mẹ́ta ló ti ń purọ́! Ta ló mọ̀ pé òní ló máa ronú pìwà dà?

ÀǸTÍ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà. Ẹ gbójú sókè. Ṣé ẹ rí àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tó ṣùjọ sójú kan yẹn?

MÀMÁ: (láti inú ọkọ̀) Mo rí wọn láti ojú fèrèsé. Mẹ́fà ni. Ó jọ àgbébọ̀ tó kó ọmọ sábẹ́ apá.

ÀǸTÍ: Ojú yín mọ́lẹ̀, Màmá. Pleiades ni wọ́n ń pè wọ́n. Mẹ́fà tàbí méje lojú lásán ń rí, àmọ́ wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Inú kùrukùru kan náà ni wọ́n ti bí gbogbo wọn, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn. Oòrùn tiwa ti tó bílíọ̀nù 4.6 ọdún, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n lójú ẹ̀.

DẸ́RẸ́BÀ: Ibẹ̀ jìnnà tó báwo?

ÀǸTÍ: Nǹkan bí 440 ọdún ìmọ́lẹ̀.

DẸ́RẸ́BÀ: Àwọn tó ń rọra wakọ̀ ló ń lo 440 ọdún. Èmi á gé e sí ìdajì.

ÀǸTÍ: Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà, ọdún ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe àkókò. Ọ̀nà ni. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá sáré dé láàárín ọdún kan là ń wí. Ìmọ́lẹ̀ sì ń sá 299,792 kílómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kẹ́ ẹ tó sín tán, ó ti yí ayé po lẹ́ẹ̀méje. Tó bá wá sá bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ó ti rin tírílíọ̀nù 9.46 kílómítà. Ẹyọ kan nìyẹn o. Ẹ wá ká a ní 440.

DẸ́RẸ́BÀ: (ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀) Èmi máa ń tẹ̀ ẹ́ dé 120. Ní wákàtí.

KỌ̀NDỌ́: Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìkan.

ÀǸTÍ: Ká gbà pé 120 ni, láìdúró, láìsùn. Ó máa gbà yín ní bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún, ó dín díẹ̀. Ayé tá a dúró sí yìí ò ju bílíọ̀nù 4.5 lọ.

MÀMÁ: Ìyẹn tí ò bá tún dúró gbé èrò lọ́nà.

DẸ́RẸ́BÀ: Ó dáa, ẹ gbàgbé bọ́ọ̀sì. Ẹ fún mi ní rọ́kẹ́ẹ̀tì.

ÀǸTÍ: Voyager 1, ọkọ̀ òfuurufú tí kò gbé èèyàn, gbéra ní 5 September 1977. Ó ń sá nǹkan bíi kílómítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá. Kò dojú kọ Pleiades, àmọ́ ká ní ó dojú kọ ọ́, á lo nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.8 ọdún. Èyí tó yára jù nínú gbogbo ohun tọ́mọ èèyàn ti ṣe ni Parker Solar Probe, ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ wo oòrùn. Ní December 2024, ó sá 692,000 kílómítà ní wákàtí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ, kì í ṣe epo ló fi sá a. Oòrùn ló ń fà á bọ̀ wá sọ́dọ̀, bí ọkọ̀ tó já sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

KỌ̀NDỌ́: Ọ̀gá, ẹgbẹ́ yín ni!

DẸ́RẸ́BÀ: Pa ẹnu ẹ dé.

KỌ̀NDỌ́: Àǹtí, mo ní ìbéèrè kan o. Táyà ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn kí ọkọ̀ tó lọ. Lókè tí kò sílẹ̀, tí kò sáfẹ́fẹ́, kí ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì?

ÀǸTÍ: Má tijú, ìwọ nìkan kọ́. Ní 1920, ìwé ìròyìn New York Times fi Robert Goddard, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó di 17 July 1969, lọ́jọ́ kejì tí Apollo 11 gbéra lọ sóṣùpá, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ló ṣì í.

MÀMÁ: Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta! Ó jọ dẹ́rẹ́bà wa yìí tó bá ṣì yà.

ÀǸTÍ: Gáàsì ara rẹ̀ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì. Dúró sórí ọmọlanke tí táyà ẹ̀ ń yí dáadáa, kó òkúta sí i, kó o máa jù ú sẹ́yìn. Bí òkúta bá ṣe ń lọ sẹ́yìn, ìwọ á máa lọ síwájú. Ohun méjì péré ló sì máa sọ bó o ṣe máa yára tó: bí òkúta ṣe ń fò jáde lọ́wọ́ ẹ tó, àti bí òkúta ṣe pọ̀ tó sí ìwọ àti ọmọlanke.

DẸ́RẸ́BÀ: Ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ bá mi sọ.

ÀǸTÍ: Ẹ fara balẹ̀. Táǹkì méjì ló ní. Nínú ọ̀kan, háídrójìn olómi, òtútù rẹ̀ tó −253 °C. Nínú èkejì, ọ́síjìn olómi, −183 °C, torí pé kò sáfẹ́fẹ́ tí iná máa mí lókè. Páńpù á ti méjèèjì sínú yàrá iná. Iná ibẹ̀ lé ní 3,000 °C. Irin tẹ́ ẹ fi ọwọ́ lé yẹn á ti yọ́ kó tó pé 1,600.

DẸ́RẸ́BÀ: Kí ló wá dé tí yàrá iná náà ò yọ́?

ÀǸTÍ: Epo fúnra rẹ̀ ni rèdíétọ̀. Kó tó dé inú iná, wọ́n á kọ́kọ́ mú un gba inú àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ògiri yàrá náà ká. Á gba ooru lára ògiri, ló wá ń wọlé lọ jó.

DẸ́RẸ́BÀ: (ó ṣí fìlà) Mẹkáníìkì gidi ló ronú kan ìyẹn.

ÀǸTÍ: Àmọ́ iná náà lè ya wèrè. Ẹ́ńjìnnì F-1, tó jẹ́ márùn-ún nídìí Saturn V, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé èèyàn lọ sóṣùpá, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Iná á máa gbá sọ́tùn-ún, á gbá sósì, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, títí á fi fọ́ yángá. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe wá a rí? Wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wá ju bọ́ǹbù kékeré sínú rẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á máa wò ó bóyá iná á fara balẹ̀.

KỌ̀NDỌ́: Bọ́ǹbù? Sínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fẹ́ tún ṣe?

ÀǸTÍ: Bẹ́ẹ̀ ni. Níkẹyìn, wọ́n to ògiri kéékèèké sí ojú àwo tí epo ti ń tú wọlé, kí ìgbì iná má ráyè sá kiri. Látìgbà yẹn, tí bọ́ǹbù bá dún, kí ojú tó ṣẹ́, iná ti padà sáyè rẹ̀.

DẸ́RẸ́BÀ: Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dáa, epo ni ò tó. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì kan kún un!

(Ìdákẹ́jẹ́. Ká má parọ́, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ̀wé ti ń ṣìnà, kì í ṣe dẹ́rẹ́bà nìkan.)

ÀǸTÍ: Ta ló máa gbé kẹ́ẹ̀gì náà?

DẸ́RẸ́BÀ: Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni.

ÀǸTÍ: Epo wo ló máa fi gbé e?

DẸ́RẸ́BÀ: Epo inú kẹ́ẹ̀... (ó dákẹ́)

ÀǸTÍ: Ẹ̀n-hẹ́n. Konstantin Tsiolkovsky, ará Rọ́ṣíà, ti tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1903. Gáàsì háídrójìn yẹn ń tú jáde ní nǹkan bíi kílómítà 4.4 ní ìṣẹ́jú àáyá. Pẹ̀lú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kílómítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kún eré yín, kí tọ́ọ̀nù kan tó dé, tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ló máa gbéra. Kílómítà 20, tọ́ọ̀nù 100. Kílómítà 30, tọ́ọ̀nù 1,000. Eré ń lé díẹ̀díẹ̀, ẹrù ń di ìlọ́po mẹ́wàá mẹ́wàá.

DẸ́RẸ́BÀ: Tí mo bá ní kí n sá ìdá kan nínú mẹ́wàá eré ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Mo ti dín in kù gan-an nìyẹn.

ÀǸTÍ: Tọ́ọ̀nù tó máa gbéra á jẹ́ 1, kí òdo tó lé ní 2,900 wá tẹ̀lé e.

KỌ̀NDỌ́: (ó ń ka ìka) Ìka ti tán. Ẹsẹ̀ náà ti tán.

ÀǸTÍ: Gbogbo átọ́ọ̀mù tó wà níbi tójú ẹ̀rọ lè rí dé, 1 tí òdo bí 80 tẹ̀lé ni wọ́n fojú bù ú sí.

MÀMÁ: Ìyẹn ni pé epo ọ̀hún ò sí láyé, kò sì sí lọ́run.

(Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Oorun ti dá.)

MÀMÁ: Ọmọ mi, èmi ò tíì gbọ́ kẹ́ ẹ dárúkọ bíréèkì.

ÀǸTÍ: Màmá, ẹ mà kú ọpọlọ! Kò sí bíréèkì lókè. Kò sáfẹ́fẹ́ tó máa dá a dúró, kò sílẹ̀ tí táyà máa rọ̀ mọ́. Ńṣe lẹ máa yí ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú, kẹ́ ẹ tún jó epo, títí ẹ máa fi pa gbogbo eré yín rẹ́.

MÀMÁ: Tó bá jẹ́ mẹ́wàá la fi lọ, mẹ́wàá la fi dúró. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún. Ká padà wálé ńkọ́?

ÀǸTÍ: Ìlọ́po mẹ́wàá láti gbéra, ìlọ́po mẹ́wàá láti dúró nílé.

MÀMÁ: Ẹgbàárùn-ún tọ́ọ̀nù, nítorí ẹrù tọ́ọ̀nù kan!

ÀǸTÍ: Saturn V tó gbé wọn lọ sóṣùpá ò ju nǹkan bí 2,900 tọ́ọ̀nù lọ nígbà tó ń gbéra. Kílómítà mẹ́wàá yẹn sì rèé, mílíọ̀nù 13 ọdún ló máa fi dé Pleiades.

DẸ́RẸ́BÀ: Ká tiẹ̀ ní mo rí epo náà. Ojú ọ̀nà ńkọ́? Kò sí gọ́tà, kò sí ọkọ̀ mìíràn. Mo máa fò bí ẹyẹ ni.

ÀǸTÍ: Eruku wà. Ní ìdá kan nínú mẹ́wàá eré ìmọ́lẹ̀, òkúta wínníwínní tí kò ju gíráàmù kan lọ, tó bá kàn yín, á bú bí ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù ohun abúgbàù.

KỌ̀NDỌ́: Wíńsíkírínì wa ti sán tẹ́lẹ̀ o.

ÀǸTÍ: Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ là ń rán lọ sọ́dọ̀ àwọn ìràwọ̀ jíjìn, a kì í rán èèyàn. Ní 16 November 1974, wọ́n fi ẹ̀rọ Arecibo ní Puerto Rico ta àmì 1,679 sí M13. Òun kì í ṣe ìdílé kékeré bíi Pleiades. Ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ àgbà ló ṣù pọ̀ bíi bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ó sì jìnnà ju 20,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ. Àmì yẹn ń sáré ìmọ́lẹ̀ lọ báyìí, kò gbé kẹ́ẹ̀gì kankan.

MÀMÁ: Tí wọ́n bá dáhùn ńkọ́?

ÀǸTÍ: Ẹ má retí rẹ̀ kó tó pé 40,000 ọdún.

DẸ́RẸ́BÀ: Báwo wá ni wọ́n ṣe dé òṣùpá, tí kẹ́ẹ̀gì bá ń gbé kẹ́ẹ̀gì?

ÀǸTÍ: Wọ́n ń jù ú nù. Saturn V pín sí mẹ́ta lérí ara wọn. Apá ìsàlẹ̀ jó ju 2,000 tọ́ọ̀nù kẹrosíìnì àti ọ́síjìn láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Bó ṣe ṣófo báyìí, wọ́n já a, ó bọ́ sínú òkun. Apá kejì tan iná tirẹ̀, òun náà ṣófo, wọ́n já òun náà. Táǹkì tó ti ṣófo ò ní iṣẹ́ kankan mọ́ ju kó máa wúwo lọ.

(DẸ́RẸ́BÀ ro ọ̀rọ̀ náà. Ó wo KỌ̀NDỌ́ tìfura-tìfura.)

DẸ́RẸ́BÀ: Ẹn... kí ọkọ̀ yìí lè fúyẹ́, ó yẹ kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ lọ wá dísù.

KỌ̀NDỌ́: Ọ̀gá, Àǹtí ní ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jábọ́. Èmi orí òrùlé ni mo máa ń wà.

DẸ́RẸ́BÀ: Àǹtí ní èyí tó ṣófo ni!

MÀMÁ: Ó dáa. Ta ló sọ pé gẹ́ẹ̀jì ń purọ́?

(Gbogbo wọn yíjú sí DẸ́RẸ́BÀ. Ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ KỌ̀NDỌ́, ó sì kọrí sínú òkùnkùn. Ó ti lọ tó ogún ẹsẹ̀ kí KỌ̀NDỌ́ tó pariwo.)

KỌ̀NDỌ́: Ọ̀gá! Ẹ mú méjì! Ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíréèkì!