Orí òkè Ambion kọ́ ni wọ́n ti pa Ọba Richard

Bí a bá ti dé Bosworth, nítòsí Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a gun òkè Ambion, tí a rí àsíá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ohun tó máa ń jáde lẹ́nu èèyàn ni pé, "Ibí gan-an ni wọ́n ti ja ogun Bosworth!" Àwọn ọmọ onílẹ̀ pàápàá ń wí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ibẹ̀.

Ogun 22 oṣù Kẹjọ 1485 ni mò ń wí, èyí tí Richard Kẹta, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú sí, tí adé fi bọ́ sórí Henry Tudor tó bá a jà.

Mo mọ ohun tó ń ṣi èèyàn lọ́nà. Orí òkè náà ni wọ́n kọ́ ilé ìtàn ogun náà sí. Kànga kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kànga Richard, tí wọ́n to òkúta bò. Ṣùgbọ́n 1813 ni wọ́n to òkúta yẹn, ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí ogun ti parí!

Ẹ wá wo ìwé 1511, ọdún 26 péré lẹ́yìn ogun. Ọba Henry Kẹjọ gbà kí ṣọ́ọ̀ṣì Dadlington, abúlé kan nítòsí ibẹ̀, máa gba ọrẹ láti fi gbàdúrà fún àwọn tó kú, ilẹ̀ Dadlington ni ìwé náà sì pè ní ibi ìjà. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ náà wá jẹ́rìí. Ní 2005 ni Glenn Foard, awalẹ̀pìtàn, àti àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tó ń wá irin tẹ oko olóko tìbú-tòòró. Ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí òkè náà, lẹ́bàá Fenn Lane, ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù là, ni wọ́n ti hú ọta àgbá olójé tó lé ní 30. Èyí tó mì mí jù ni ìmàdò kékeré kan, fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò, tí wọ́n rí létí ibi tó jẹ́ àbàtà láyé ìgbà náà. Ìmàdò funfun ni àmì Richard. Ẹni tó sún mọ́ ọn dáadáa nìkan ló lè lẹ irú èyí mọ́yà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọba ló kú sí.

Ilé ìtàn náà kò fi èyí pa mọ́, ó wà nínú àfihàn wọn. Ẹ kọ́kọ́ wọlé kà á. Lẹ́yìn náà kí ẹ jáde, kí ẹ kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ oko pẹrẹsẹ tí ẹ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn ni.