Ẹ yéé pe àwọn ọmọ Sewanee 1899 ní irin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Sátidé, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré yẹn, ẹ lè máa jà lórí ẹgbẹ́ Alabama àti ti Georgia títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tèmi ni pé kò tíì sí ẹgbẹ́ tó ṣe irú bẹbẹ tí Sewanee ṣe. Yunifásítì kékeré kan ni o, lórí òkè ní Tennessee, ìjọ Episcopal ló dá a sílẹ̀.

1899, wọ́n gbá eré 12, wọ́n sì na gbogbo ẹ̀. Póìntì 322 ni wọ́n kó, 10 péré ni àwọn tó kù rí kó lára wọn, Auburn nìkan ló sì kó o, 11-10 ni wọ́n parí. Kóòṣì Auburn nígbà yẹn ni John Heisman, òun náà ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ife-ẹ̀yẹ Heisman tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dára jù lọ́dọọdún. Láyé ìgbà yẹn touchdown kan, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìparí, ò ju póìntì 5 lọ, kò tíì sí jíju bọ́ọ̀lù síwájú, àfi 1906, ṣe ni wọ́n ń fi èjìká la ọ̀nà.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù ni November. Ọjọ́ 9 wọ́n na yunifásítì Texas 12-0 ní Austin, ọjọ́ kejì Texas A&M 10-0 ní Houston, ọjọ́ kẹta Tulane 23-0 ní New Orleans, wọ́n sinmi lọ́jọ́ Sunday nítorí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, Monday LSU 34-0, Tuesday Ole Miss 12-0 ní Memphis. Eré 5 láàárín ọjọ́ 6, ọmọkùnrin 21 nínú ọkọ̀ rélùwéè, ẹnikẹ́ni ò sì rí póìntì kankan gbà lára wọn!

Owó ló sì gbé wọn rìn o. Wọ́n ti bá Vanderbilt jà lórí owó géètì, eré yẹn ò wá wáyé, àfi kí máníjà wọn, Luke Lea, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn, wá ibòmíràn tówó á ti wọlé. (Lea yìí náà ló di sẹ́nétọ̀, tó sì kó sójà jọ ní 1919 lọ sí Holland pé àwọn fẹ́ jí Kaiser, ọba ilẹ̀ Jámánì tẹ́lẹ̀, gbé. Orí ẹ̀ ò pé tó, mo sọ ọ́.)

Ohun tó ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ yìí ní irin, wọ́n á wá fi bú àwọn tòde òní pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Irin bíi ti báwo? Orí kápútẹ́ènì wọn, Henry Seibels, là ní Austin tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Irú ìyẹn náà ló ń pa ọmọ ọlọ́mọ títí Ààrẹ Theodore Roosevelt fi ní láti pe àwọn yunifásítì Harvard, Yale àti Princeton sí White House ní 1905 láti bá wọn sọ ọ́. Ohun tó gbé àwọn ọmọ Sewanee ró ni pé wọ́n gbé omi ìsun tiwọn dání nínú àgbá, tí Cal Burrows, ọkùnrin aláwọ̀dúdú kan, sì ń bá wọn wọ́ra nínú rélùwéè kára wọn lè yá fún eré ọjọ́ kejì. Aláwọ̀dúdú ò lè jókòó kàwé ní Sewanee nígbà yẹn o, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ dára fún iṣan ẹsẹ̀ wọn. Tí ẹ bá ń ka orúkọ àwọn akọni yẹn tẹ́ ò ka tiẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ò tíì kà á tán.

Sewanee wọ SEC, líìgì àwọn yunifásítì gúúsù Amẹ́ríkà, ní 1932, wọn ò rí eré kankan jẹ níbẹ̀ títí wọ́n fi jáde ní 1940. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣẹ̀sín torí ẹ̀. Èmi ò rí ẹ̀sín ńbẹ̀, wọ́n rí i pé owó ti wọ bọ́ọ̀lù yẹn ju agbára wọn lọ, wọ́n yáa kúrò, wọ́n ṣì ń gbá a títí dòní láì san owó ilé ìwé fún ẹnikẹ́ni torí bọ́ọ̀lù.