Kì í ṣe owó ló ń gbé ìròyìn ọrọ̀ ajé jáde

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, títí kan àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òwò sílẹ̀: “Bí o ò bá rí nǹkan fi sọ́wọ́ oníròyìn, ìròyìn rẹ ò lè jáde.” Ó ti wọ̀ wọ́n lára débi pé bí mo bá pe ẹlòmíì lórí fóònù láti bi í léèrè ọ̀rọ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni, “Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ máa gbà?” Ó máa ń dùn mí wọra.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ̀gúnjẹ wà. Wọ́n máa ń fi owó sínú àpòòwé níbi tí wọ́n bá ti pe àwọn oníròyìn jọ, wọ́n á ní owó ọkọ̀ ni, àwọn kan sì ń gbà á, pàápàá níbi tí owó oṣù kì í ti í wọlé lásìkò. Àmọ́ ìlànà iṣẹ́ wa, èyí tí àwọn oníròyìn Nàìjíríà fẹnu kò lé lórí ní Ìlọrin lọ́dún 1998, sọ ọ́ gbangba pé oníròyìn kò gbọdọ̀ gba rìbá láti gbé ìròyìn jáde tàbí láti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tún wo irú ìròyìn tí owó ń gbé wá: ìpínrọ̀ méjì, orúkọ ọ̀gá, àwòrán ibi tí wọ́n ti ń bọwọ́, ó tán. Ta ló ń kà á? Ẹni tó bá fẹ́ sanwó, ìpolówó wà, ó ní ẹ̀ka tirẹ̀ àti iye tirẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sí i pé ìpolówó ni.

Inú ìwé ọmọ iléèwé kan tí epo ti ta sí létí ni mo ti rí ìròyìn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti kọ. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà, n’Ìbàdàn, ló ni ín. Mo lọ bá a, mo ní, “Ẹ kú ọjà o, mà. Báwo lọjà ṣe rí báyìí?” Kò dá mi lóhùn. Ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ àpò ẹ̀wà, ó ní, “Ọmọ mi, gbà, kà á.” Gbogbo àpò tó rà, ọjọ́ tó rà á, iye tó rà á, owó tí ọlọ́kọ̀ gbà láti Òkè Ọya, owó alábàárù, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a kọ ọ́. Mo rí ibi tí owó ọkọ̀ ti fò sókè, lẹ́yìn tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ṣùgbọ́n iye tó ń ta kóńgò kan kò yí padà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo bi í pé báwo ló ṣe ṣe é. Ó ní, “Èrè mi ni mo fi dí i. Tí mo bá gbé e sókè, wọn ò ní rà á, kòkòrò á wọ̀ ọ́.”

Gbogbo wa là ń kọ ọ́ nígbà náà pé ọjà ti gbówó lórí. Ìyá yìí fi ẹni tó ń ru ẹrù náà hàn mí, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye. Kọ́bọ̀ kan ò ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. (Ẹ̀kọ́ nípa èdè ni mo kà ní yunifásítì, kì í ṣe ọrọ̀ ajé. Irú ìwé báyìí ló kọ́ mi níṣẹ́.)

Nígbà tí NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò ọrọ̀ ajé, kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 pé ìlọsókè owó ọjà, ìyẹn bí iye ọjà ṣe gòkè sí láàárín ọdún kan, tó jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá 2024, ti di 24.48 ní oṣù Kìíní, lẹ́tà kún fóònù mi, oníkálukú ń yọ̀ pé ọjà ti wálẹ̀. Nọ́ńbà náà kò sọ bẹ́ẹ̀. NBS ló yí ọdún tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n padà láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún agbọ̀n ọjà, ìyẹn àkójọ àwọn nǹkan tí wọ́n ń wo iye wọn, tò: oúnjẹ tó kó ju ìdajì rẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀ wá di nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé èèyàn lè fi kóńgò wọn ti àná, kó fi mùdù wọn tòní, kó wá ní ọjà ti dínkù? Ẹni tó bá kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ yẹn pé, “Èyí ni iye tí mo ra ìyẹ̀fun lóṣù tó kọjá, èyí ni ti oṣù yìí, ìwé rírà rẹ̀ nìyí,” òun ni màá kọ́kọ́ pè.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ sọ ohun tó yí padà àti ẹni tó kàn. Ẹ fi iye àti ọjọ́ sí i, ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí i. Ìtàn bí ẹ ṣe dá ilé iṣẹ́ yín sílẹ̀ lè dúró ná. Ẹ má fi í ránṣẹ́ sí ogún oníròyìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ẹni tí ẹ ti ka iṣẹ́ rẹ̀, ẹ sọ fún un pé òun nìkan lẹ fún, ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí ilé iṣẹ́ ìjọba bá di iye kan mú, òfin òmìnira ìròyìn (FOI) ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti kọ̀wé béèrè rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ méje. Bí wọn ò bá fèsì, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà yín wá. Ìròyìn nìyẹn náà. Ẹ má ní kí n fi ohun tí mo kọ hàn yín kó tó jáde o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n ka ọ̀rọ̀ ẹnu yín padà fún yín, màá kà á.

Ìyá ẹlẹ́wà ṣì ń fi àwòrán ojú ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo Sátidé. Nínú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti fa ìlà tuntun kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà: owó tí oní-POS ń yọ nínú owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ti pe olóòtú mi.