Ẹ Dá Fèrèsé Wa Padà

Ó ti sú mi. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni mo wọ ọ́fíìsì wa ní Victoria Island lónìí. Òógùn ti bò mí láti ibùdókọ̀, oòrùn oṣù kẹta ti ń ta bí iná. Kí n tó tan kọ̀ǹpútà mi, eyín mi ti ń lu ara wọn. Súwẹ́tà méjì ló wà lẹ́yìn àga mi, èyí tó nípọn fún àárọ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ fún ọ̀sán. Ní Èkó! Ìlú tí èèyàn ti ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ nítorí ooru!

Àjà kẹfà la wà. Gíláàsì ni wọ́n fi bo ilé náà láti òkè délẹ̀, kò sì sí ojú fèrèsé kan ṣoṣo tó ṣeé ṣí. Ẹ̀rọ amúlétutù ńlá kan ló ń fún gbogbo ilé ní afẹ́fẹ́, kọ̀ǹpútà kan tó wà nísàlẹ̀ ló sì ń pàṣẹ fún un. Wọ́n ní ilé ọlọ́gbọ́n ni. Ọgbọ́n wo ló wà nínú ohun tí kò mọ̀ pé èèyàn ń gbọ̀n?

Àpótí kékeré kan wà lára ògiri tòsí tábìlì mi, ó ní bọ́tìnnì tó yẹ ká máa fi dín òtútù kù, ó sì ń fi nọ́ńbà hàn. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń tẹ nǹkan yìí. Màá gbé e sí dígírì 25, màá lọ jókòó, màá máa retí. Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń tún ẹ̀rọ náà ṣe gun àkàbà lọ́dọ̀ wa, mo wá bi í léèrè. Àánú mi hàn lójú rẹ̀. "Áńtí, ẹ má bínú, wọn ò so ìyẹn mọ́ nǹkan kan." Wọn ò so ó mọ́ nǹkan kan! Àgbàlagbà ni wá, a lọ́mọ nílé, wọ́n wá kan ohun ìṣeré mọ́ ògiri fún wa ká lè dákẹ́.

Ọmọ náà ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ló ń wo ooru fún gbogbo apá ibi tí a wà. Ibo ni wọ́n fi í sí? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá tó ń da ìwé kọ, níwájú gíláàsì tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀rọ ìwé ń gbóná, oòrùn ọ̀sán ń rọ́ lu gíláàsì, sẹ́ńsọ̀ ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà pé ooru ibẹ̀ ti di 28. Kọ̀ǹpútà, tí wọ́n pàṣẹ fún pé kó mú un wálẹ̀ sí 22, á wá máa da òtútù lé wa lórí. Ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà kò ní tutù láéláé, nítorí náà òtútù kò ní dáwọ́ dúró láéláé. Mo gbé òǹwọn-ooru tèmi wá láti ilé, mo gbé e ka orí tábìlì mi: 17. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò fi lè gbé sẹ́ńsọ̀ náà wá sáàárín àwa èèyàn. Ó ní iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn alákòóso ilé kò tíì fọwọ́ sí i. Lẹ́tà mẹ́ta la ti kọ sí wọn. Etí ikún ni wọ́n kọ sí i.

Ohun tó mú inú mi ru jù lọ ni ti àbúrò wa kan tó jókòó sábẹ́ ihò afẹ́fẹ́ gan-an. Ẹ̀jẹ̀ SS ló ní. Kò sí ẹni tó dàgbà nílẹ̀ yìí tí kò mọ̀ pé òtútù wà lára ohun tó máa ń gbé ìrora eegun dìde fún wọn. Orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n pọ̀ sí jù lágbàáyé! A fi aṣọ ìnura dí ihò náà, wọ́n wá yọ ọ́, wọ́n ní a ń ba ètò kọ̀ǹpútà jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé ọmọ yẹn lọ, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fọ́ léegun. Ètò ta ni wọ́n ní a bàjẹ́?

Owó wa náà ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n gbé owó iná Band A, ti àwọn tí wọ́n ń fún níná jù lọ, fò láti ₦68 sí ₦225 lórí yúnìtì kan, owó ìtọ́jú ilé kò yé lékún. Bí wọ́n bá múná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò lágbára láti gbé ẹ̀rọ amúlétutù náà, ilé gíláàsì á wá di ààrò. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà á pa gbogbo rẹ̀, fáànù pẹ̀lú, ẹni tó bá ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́ kó máa mí èémí ara rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe yẹn náà ló jẹ́wọ́ fún mi pé wọ́n ti ti ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ tuntun ń gbà wọlé láti òrùlé. Abájọ tí orí fi ń fọ́ wa lọ́sàn-án! Nígbà kòrónà lọ́dún 2020, gbogbo ayé ń pariwo pé ká ṣí fèrèsé. Èwo la fẹ́ ṣí?

Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ti kàwé. Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn òyìnbó tó ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ níbẹ̀, mọ̀ pé ilẹ̀ olóoru ni wọ́n ń kọ́lé sí. Wọ́n fi bíríkì oníhò ṣe ògiri, wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó gba èkejì jáde. Èmi fúnra mi ti jókòó kàwé nínú ilé bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, láìsí iná, n ò kú. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ lẹ́yìn gíláàsì wa báyìí, a ń rí i bó ṣe ń mi imọ̀ ọ̀pẹ, kò lè kàn wá.

Ẹ gbé sẹ́ńsọ̀ yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìwé. Ẹ so àpótí ògiri mọ́ ohun tó yẹ. Ẹ gé gíláàsì mélòó kan, kí ẹ fi híńjì sí i kó ṣeé ṣí. Àbúrò wa padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí, abẹ́ ihò kan náà ló sì jókòó sí. Ìbora ló kó sínú báàgì wá.